Kẹ́ẹ̀gì Omi, Àpò Iyanrìn àti Agbára Ìdìmú Ọwọ́: Ẹ̀kọ́ fún Ìlera Ara

Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Síbẹ̀, nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìlera, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti ibà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rántí. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó máa ń bi ara wọn léèrè bí ọwọ́ wọn ṣe lágbára tó láti di nǹkan mú, tàbí bóyá wọ́n ṣì lè dìde lórí ìjókòó láìfi ọwọ́ ti nǹkan. Ọ̀rọ̀ agbára iṣan yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò, pàápàá bí a ṣe lè fi àwọn ohun tí ó wà ní àyíká wa mú un dàgbà.

Ọ̀nà Airport Road ní ìlú Benin, olú ìlú Ìpínlẹ̀ Edo, bẹ̀rẹ̀ láti Ring Road ní àárín ìlú, ó sì lọ sí ìhà pápákọ̀ òfuurufú. Ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, àwọn kan ń jókòó láti òwúrọ̀ di alẹ́ nínú ọkọ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù tàbí nídìí tábìlì ọ́fíìsì. Àwọn mìíràn sì ń fi agbára jẹun: fọganáísà ń fi irin àti òòlù tú táyà, alágbàṣe ń ru sìmẹ́ǹtì, ẹlòmíràn ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi. Táyà, òòlù, àpò àti kẹ́ẹ̀gì wọ̀nyí gan-an ni àwọn olùkọ́ eré ìdárayá ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ń lò báyìí láti mú kí ara àwọn ènìyàn le.

Ìlú Benin kì í ṣe àjèjì sí eré ìdárayá. Ní pápá ìṣeré Samuel Ogbemudia tí ó wà níbẹ̀ ni àwọn eléré ìdárayá láti ìpínlẹ̀ gbogbo ti péjọ ní oṣù kẹrin ọdún 2021 fún Àjọ̀dún Eré Ìdárayá ti Orílẹ̀-èdè ẹlẹ́ẹ̀kogún irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó jẹ́ eléré ìdárayá, kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó lè san owó oṣooṣù ní ilé ìdárayá. Àwọn ni ẹ̀kọ́ yìí wà fún.

Kí ni ìdí tí agbára ìdìmú fi ṣe pàtàkì?

Agbára ìdìmú ni agbára tí ọwọ́ fi ń di nǹkan mú ṣinṣin. Àwọn oníṣègùn ní ohun èlò kékeré kan tí ènìyàn ń fún pọ̀ mọ́ ọwọ́, tí yóò sì fi iye agbára náà hàn ní kílógíráàmù.

Ní ọdún 2015, ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé èsì ìwádìí kan jáde lórí àwọn ènìyàn tí ó lé ní 139,000 ní orílẹ̀-èdè 17, tí Zimbabwe àti South Africa wà lára wọn. Àwọn olùwádìí rí i pé bí agbára ìdìmú bá fi kílógíráàmù 5 dín kù, ewu ikú láti ọwọ́ ohun yòówù ń fi nǹkan bí ìpín 16 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Wọ́n tún rí i pé agbára ìdìmú tọ́ka sí ewu ikú ju ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru tòkè lọ.

Èyí kò túmọ̀ sí pé ọwọ́ tí kò lágbára ni ó ń pa ènìyàn. Ọwọ́ dà bí fèrèsé tí a fi ń wo inú ilé. Bí iṣan gbogbo ara bá ń joro nítorí àìsàn, àìjẹun-dáradára tàbí àìṣe eré ìdárayá, ara ọwọ́ ni a ti máa ń tètè rí i.

Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, iṣan ara a máa dín kù díẹ̀díẹ̀, ní nǹkan bí ìpín 3 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá, ó sì máa ń yára sí i lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí àwọn onímọ̀ ní Yúróòpù gbé jáde ní ọdún 2019, ọkùnrin tí ìdìmú rẹ̀ kò tó kílógíráàmù 27, tàbí obìnrin tí tirẹ̀ kò tó 16, yẹ fún àyẹ̀wò. Ẹni tí kò bá rí ohun èlò náà lè lo àga. Kí ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, kí ó dìde, kí ó sì jókòó ní ìgbà márùn-ún. Bí ó bá gbà á ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ, iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń rẹ̀wẹ̀sì.

Ìyàtọ̀ láàárín irin ilé ìdárayá àti ẹrù ojoojúmọ́

Irin ilé ìdárayá ní ọwọ́ tí ó mọ níwọ̀n, ìwúwo rẹ̀ sì dọ́gba ní ọ̀tún àti ní òsì. Àpò iyanrìn kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ṣe gbé e, bẹ́ẹ̀ ni iyanrìn inú rẹ̀ yóò máa ṣí kiri. Kẹ́ẹ̀gì tí omi kò kún inú rẹ̀ pàápàá máa ń fà síhìn-ín sọ́hùn-ún bí omi náà ṣe ń mì. Nítorí náà, ọwọ́, ikùn, ẹ̀yìn àti ìbàdí gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀ kí ẹrù náà má bàa dojú ẹni dé. Irú agbára yìí ni a nílò láti gbé ọmọ tí ó ti sùn, tàbí láti gbé àpò ẹ̀wà sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

Bí ohun tí a dì mú ṣe nípọn tó náà tún ṣe pàtàkì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Thomas Inch, alágbára kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní irin ìdárayá kan tí ó wúwo tó nǹkan bí kílógíráàmù 78. Ọwọ́ irin náà nípọn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 6, débi pé ọ̀pọ̀ alágbára tí ó lè gbé ẹrù tí ó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ kò lè fi ọwọ́ kan gbé e kúrò nílẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé bí ẹ bá fi aṣọ wé ọwọ́ kẹ́ẹ̀gì kí ó lè nípọn, iṣẹ́ ọwọ́ yóò pọ̀ sí i láìfi ìwúwo kankan kún un.

Ọ̀nà mẹ́ta tí ọwọ́ ń gbà di nǹkan mú

Ìkínní ni fífún, bí ìgbà tí a bá ń fún aṣọ tí a fọ̀. Ìkejì ni fífi àtàǹpàkò àti ìka yòókù há nǹkan, bí ìgbà tí a bá mú búlọ́ọ̀kù pẹlẹbẹ láti òkè. Ìkẹta ni dídi ẹrù mú fún ìgbà pípẹ́ láìjẹ́ kí ó bọ́, bí ti kẹ́ẹ̀gì omi. Ẹni tí ó bá ń gún iyán mọ̀ pé ọwọ́ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ rẹni nídìí odó. Bákan náà ni àwọn oníṣẹ́ idẹ ní Igun Street ní ìlú Benin kò lè ṣe iṣẹ́ wọn láìní ọwọ́ tí ó le. Ìdárayá tí ó pé gbọ́dọ̀ kan ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ǹjẹ́ ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ agbára tún nílò ìdárayá?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iṣẹ́ agbára àti ìdárayá jẹ́ ohun kan náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àpò sìmẹ́ǹtì kan wúwo tó kílógíráàmù 50. Alágbàṣe kò lè dín in kù nígbà tí ó bá rẹ̀ ẹ́, ejìká kan náà ni ó sì sábà máa ń fi rù ú ní ìgbà àìmọye lójúmọ́. Ohun tí ó ń fa ẹ̀yìn ríro nìyí. Nínú ìdárayá, ẹni tí ń ṣe é ni ó ń yan ìwúwo, òun ni ó ń yan ìgbà ìsinmi, ó sì ń lo apá méjèèjì bákan náà. Àsìkò ìsinmi ni iṣan fi ń tún ara rẹ̀ ṣe, tí ó sì ń le sí i. Ẹni tí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ bá le kò nílò láti tún ru ẹrù wúwo ní ìrọ̀lẹ́. Nínà ara, ìdárayá ìka àti oorun tí ó tó ni yóò ṣe é ní àǹfààní.

Bí a ṣe lè pèsè ohun èlò

Omi ni ó rọrùn jù lọ láti wọ̀n, nítorí lítà 1 omi jẹ́ kílógíráàmù 1. Kẹ́ẹ̀gì lítà 5 méjì tó fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí ó kún ti wúwo jù fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Fún àpò, ẹ da iyanrìn gbígbẹ sínú ọ̀rá tí ó nípọn, ẹ dì í lẹ́nu, ẹ kì í bọ inú àpò ìrẹsì, kí ẹ sì rán an pa. Ẹ má ṣe kún un fọ́fọ́. Kílógíráàmù 10 tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Agolo mílíìkì ńlá tí a rọ iyanrìn sí, tí a sì dé, dára fún ìdárayá ìka. Táwẹ̀lì kan àti rọ́bà tí a fi ń di owó ni ó kù.

Ètò ìdárayá ti ìgbà kan

Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà tí ó gbé jáde ní ọdún 2020, gba àwọn àgbà níyànjú láti ṣe ìdárayá tí ń mú iṣan le ní ọjọ́ méjì ó kéré tán lọ́sẹ̀, ní àfikún sí ìrìn tàbí ìdárayá mìíràn fún ìṣẹ́jú 150 sí 300. Ètò tí ó wà nísàlẹ̀ yìí kò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Ẹ lè ṣe é ní ọjọ́ Ajé àti ọjọ́bọ̀, kí ara lè sinmi láàárín wọn.

1. Ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún rìn kíákíá, kí ẹ sì yí ọrùn ọwọ́ àti ejìká ká.

2. Gbígbé àpò: Ẹ dúró ti àpò iyanrìn gbágbágbá, kí ẹsẹ̀ yà díẹ̀. Ẹ tẹ orúnkún àti ìbàdí, kí ẹ̀yìn wà ní títọ́. Ẹ gbá àpò náà mọ́ àyà, kí ẹ sì fi agbára ẹsẹ̀ dìde. Ẹ ṣe é ní ìgbà mẹ́jọ, ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ sì tún un ṣe títí yóò fi pé ẹ̀ẹ̀mẹta.

3. Rírìn pẹ̀lú ẹrù: Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì kan ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ rin ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ láìtẹ̀ síwájú. Ẹ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹta.

4. Mímú agolo: Ẹ fi ìka márààrún mú agolo iyanrìn láti òkè fún ìṣẹ́jú àáyá 15. Ẹ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹta fún ọwọ́ kọ̀ọ̀kan.

5. Fífún táwẹ̀lì: Ẹ rẹ táwẹ̀lì sínú omi, kí ẹ fún un ní ìgbà mẹ́wàá sí ọ̀tún àti ìgbà mẹ́wàá sí òsì.

6. Ẹ fi rọ́bà yí àwọn ìka ká, kí ẹ sì máa là wọ́n ní ìgbà 15. Èyí ń fún iṣan ẹ̀yìn ọwọ́ ní iṣẹ́ tirẹ̀, kí ìgbọ̀nwọ́ má bàa máa dùn yín.

Nígbà tí ẹ bá rí i pé ẹ parí ètò yìí tí agbára ṣì kù, ẹ fi lítà kan omi kún kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe kánjú. Iṣan máa ń tètè le ju ibi tí ó ti so mọ́ egungun lọ, ẹni tí ó bá ń sáré fi ẹrù kún ẹrù ni ó sì máa ń farapa níbẹ̀.

Àwọn obìnrin àti àwọn àgbàlagbà

Èrò pé ẹrù gbígbé kò yẹ obìnrin kò tọ̀nà. Ní ọdún 2000, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi àyè gba àwọn obìnrin láti gbé irin nínú ìdíje Òlíńpíìkì, ní ìlú Sydney, Ruth Ogbeifo láti Nàìjíríà gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà. Àpapọ̀ ohun tí ó gbé jẹ́ kílógíráàmù 245, iye kan náà pẹ̀lú ti María Isabel Urrutia láti Kòlóḿbíà tí ó gba wúrà nítorí pé ara rẹ̀ fúyẹ́ jù. Obìnrin tí ó bá ń mú iṣan rẹ̀ le ń ran egungun rẹ̀ lọ́wọ́ pẹ̀lú, pàápàá lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró.

Àgbàlagbà lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìgò omi àti dídìde lórí àga. Ìṣubú kan ṣoṣo lè ṣẹ́ egungun ìbàdí, ó sì lè sọ ẹni tí ń rìn fúnra rẹ̀ di ẹni tí a ń gbé.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún

Ẹ má ṣe sé èémí mọ́ra nígbà tí ẹ bá ń gbé ẹrù, nítorí pé èyí a máa mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ fò sókè lójijì. Ẹ mí síta bí ẹ bá ń gbé e sókè, kí ẹ sì mí sínú bí ẹ bá ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn ọkàn tàbí ìpá, àti aboyún, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà. Ìdárayá kò sì rọ́pò oògùn tí dókítà bá kọ fún yín.

Ẹ ṣọ́ra fún irin ìdárayá tí a fi agolo àti sìmẹ́ǹtì ṣe. Bí sìmẹ́ǹtì náà bá ti sán, ó lè já lé ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe lo kẹ́ẹ̀gì tí a ti rọ kẹ́míkà sí. Ẹni tí ó bá ń lo táyà gbọ́dọ̀ rí i pé omi òjò kò dúró sínú rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀fọn tí ń gbé ibà pọ́njú kiri máa ń yé ẹyin sí. Ibà yìí bẹ́ sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Edo ní ọdún 2018.

Bí àyà bá ń dun yín, tí òòyì ń kọ́ yín, tàbí tí ọwọ́ kan ṣàdédé rẹ̀wẹ̀sì, ẹ dáwọ́ dúró, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ọwọ́ tí ó ṣàdédé kọ̀ láti di nǹkan mú lè jẹ́ àmì àrùn rọpárọsẹ̀. Fún ẹ̀yìn tàbí oríkèé tí ń dun ni láti ìgbà pípẹ́, àwọn onímọ̀ físíotẹ́rápì wà ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá, bí irú ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Benin ní Ugbowo, tí wọn yóò tọ́ni sọ́nà.

Kò sí ohun tí a kà sílẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ yìí tí ó ṣòro láti rí nílé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí ó fúyẹ́, ẹ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ láìyẹ̀, kí ọwọ́ tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ lónìí lè ṣì lágbára láti gbé ife omi dé ẹnu yín ní ọjọ́ alẹ́.