Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́

Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku, ìwọ̀n ìtẹ́. Òwe yìí bá ọ̀pọ̀ oníṣòwò Tema ní Ghana wí lórí ọ̀rọ̀ ìkànnì. Láti ìgbà tí ibùdókọ̀ ojú omi ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1962 ni àwọn tó ń gba ẹrù jáde, àwọn onítírélà àti àwọn tó ń ta ẹja inú yìnyín ti yí i ká. Bí ọ̀kan nínú wọn bá fẹ́ ní ìkànnì, ọ̀nà méjì ló wà. Ó lè gba ètò tí wọ́n ti ṣe parí, èyí tí wọ́n ń pè ní CMS, bíi WordPress tàbí Drupal, tí ẹni tí kò mọ kóòdù lè máa fi kọ ọ̀rọ̀, kí ó sì fi àwòrán sí i. Ó sì lè gba ẹni tí yóò fi framework, ìyẹn kóòdù ìpìlẹ̀ tí akọ́kóòdù ń kọ́ tirẹ̀ lé, bíi Django tàbí Laravel, kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Lójú tèmi, ti àkọ́kọ́ ló yẹ ọ̀pọ̀ wọn.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bí iṣẹ́ ìkànnì náà kò bá ju kí ó sọ ibi tí ọ́fíìsì wà ní àdúgbò Community 1, nọ́ńbà fóònù àti irú ẹrù tí wọ́n ń gbà jáde, WordPress ti ń ṣe irú rẹ̀ láti 2003. Ó lé ní ìdá méjì nínú márùn-ún ìkànnì ayé tó ń lò ó, nítorí náà, bí ọmọkùnrin tó ṣe é bá rí iṣẹ́ sí Kánádà, ẹlòmíràn á bá a tún un ṣe kíákíá. Kóòdù tí ẹnì kan ṣoṣo kọ kò rí bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá gbà á lẹ́yìn rẹ̀ ní láti kà á fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí ó tó fọwọ́ kàn án. Àmọ́ bí oníbàárà yóò bá tẹ nọ́ńbà kọ̀ntánà rẹ̀, kí ó rí iye ọjọ́ tó kù kí owó dẹ́múréèjì, ìyẹn owó ìjìyà kọ̀ntánà tó pẹ́ jù, tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì fi MoMo, owó orí fóònù, san owó, iṣẹ́ framework nìyẹn. Ẹni tó bá ń to plugin, ìyẹn àfikún, lé plugin láti fi WordPress ṣe é, adìyẹ bà lókùn ni: ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ. Ṣùgbọ́n framework ń fẹ́ ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Ẹ wo Django fúnra rẹ̀: inú ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Lawrence Journal-World ní Kansas ni wọ́n ti ṣe é, kí wọ́n tó gbé e jáde fún gbogbo ayé ní 2005. Ilé iṣẹ́ náà ló ń san owó oṣù àwọn tó ń kọ kóòdù. Bí nǹkan bá bàjẹ́, wọ́n wà nítòsí.

Àwọn kan á ní olè ń tètè wọ CMS. Òótọ́ ni. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá 2014, Drupal kéde ihò ńlá kan nínú kóòdù rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí ẹni tí kò dí i láàárín wákàtí méje gbà pé olè ti wọlé. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kéde ihò inú kóòdù tí ẹnì kan ṣoṣo kọ? Òfin ààbò dátà Ghana ti 2012 kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè irinṣẹ́ tó lò. Ẹni tó gba ìsọfúnni àwọn ènìyàn ló gbọ́dọ̀ pa á mọ́.

Àwọn mìíràn á ní òwò àwọn á gbòòrò lọ́la. Kí wọ́n fi WordPress bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ náà bá fìdí múlẹ̀, kí wọ́n fi framework kọ apá tó ń ṣírò nìkan, kí wọ́n sì so ó mọ́ ti tẹ́lẹ̀. Èyíkéyìí tí wọ́n bá mú, kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé orúkọ ìkànnì, ìbáà jẹ́ .com tàbí .com.gh, yóò wà lórúkọ ilé iṣẹ́, pé ọ̀rọ̀ aṣínà yóò wà lọ́wọ́ ọ̀gá, àti pé ẹ̀dà gbogbo ìkànnì náà yóò máa tẹ ilé iṣẹ́ lọ́wọ́ lóṣooṣù. Bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé iṣẹ́ fún bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i, kí wọ́n wá ẹlòmíràn.