Ewé Ń Pọ́n Lóko: Ohun Tó Yẹ Ká Wò Ká Tó Ra Ajílẹ̀

Ìwé ìmọ̀ràn fún àwọn àgbẹ̀ Ìrẹsà-Adú, Ìrẹsà-Apá àti gbogbo agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́



Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti fìdí múlẹ̀, tí àgbàdo sì ga dé orúnkún, ìgbà náà ni ewé máa ń pọ́n nínú ọ̀pọ̀ oko wa. Ajílẹ̀ ni ọkàn wa máa ń sáré lọ sí. A ó ra àpò kan tàbí méjì, a ó dà á sí oko, a ó sì máa retí. Oko ẹlòmíràn á tún tutù yọ̀yọ̀. Ti ẹlòmíràn ò ní yí padà rárá, owó ti lọ, àsìkò náà sì ti lọ. Oríṣiríṣi ni ebi tó ń pa ohun ọ̀gbìn, oríṣiríṣi sì ni ohun tí àpò ajílẹ̀ gbé dání. Ẹni tó bá mọ bí a ti ń wo ewé á mọ èyí tó yẹ kó rà, á sì mọ ìgbà tí kò yẹ kó ra nǹkan kan.

Ewé ìsàlẹ̀ ni, àbí ewé òkè?

Ẹ má tíì wo àwọ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, pòtásíọ̀mù àti màgínísíọ̀mù jẹ́ oúnjẹ tó lè rìn láti apá kan igi lọ sí òmíràn. Tí ọ̀kan nínú wọn bá wọ́n nílẹ̀, igi á gbà á lára ewé àgbà, á gbé e fún ewé tó ń yọ, bí abiyamọ ṣe ń yọ ti ẹnu rẹ̀ fún ọmọ nígbà ọ̀dá. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ewé ìsàlẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ ṣàìsàn. Kálísíọ̀mù, sọ́fọ̀, irin àti síńkì kì í rìn bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n bá kọ́kọ́ dé ni wọ́n ń jókòó sí, nítorí náà ewé tuntun ló máa kọ́kọ́ fi hàn pé òun ò rí jẹ.

Lára àgbàdo, àmì wọ̀nyí hàn kedere. Tó bá jẹ́ náítírójìn ló wọ́n, ewé ìsàlẹ̀ á pọ́n láti ṣóńṣó rẹ̀, pípọ́n náà á gba àárín ewé bọ̀ síhà igi, bí ẹni kọ lẹ́tà V sí i, etí ewé á sì ṣì tutù. Tó bá jẹ́ pòtásíọ̀mù, ìdàkejì ni ẹ ó rí: etí ewé ìsàlẹ̀ á pọ́n, á sì gbẹ bí ohun tí iná jó, àárín rẹ̀ á ṣì tutù. Àgbẹ̀ tó bá di ìyàtọ̀ méjì yìí mú, àárín fún náítírójìn, etí fún pòtásíọ̀mù, ti bọ́ lọ́wọ́ ìdajì àṣìṣe. Tí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì bá wọ́n, àgbàdo kékeré á ràn, ewé àti igi rẹ̀ á sì máa yọ àwọ̀ àlùkò. Màgínísíọ̀mù máa ń fi ìlà tó pọ́n sáàárín àwọn iṣan ewé àgbà. Ti síńkì yàtọ̀ sí gbogbo wọn: ewé tuntun ló ń mú, á sì fi ọ̀já funfun gbọọrọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì iṣan àárín, ní ìdajì ewé tó sún mọ́ igi.

Ilẹ̀ àdúgbò wa níyanrìn lókè, ohun jíjẹrà inú rẹ̀ ò sì pọ̀, pàápàá níbi tí a ti ń jó koríko lọ́dọọdún. Nítorí náà náítírójìn ni ebi tí ẹ ó máa rí jù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó rẹ̀. Àpò yúríà kan tó jẹ́ kílò 50 gbé náítírójìn kílò 23 dání. Àpò NPK 15-15-15 tó wúwo bákan náà kò ní ju kílò 7.5 lọ. Ẹni tó bá ń fi NPK wo ebi náítírójìn nìkan á ra bí àpò mẹ́ta kó tó rí ohun tí àpò yúríà kan ì bá fún un. NPK níṣẹ́ tirẹ̀ lẹ́yìn ìgbìn, nígbà tí àgbàdo ṣì kéré tó ń fẹ́ náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pòtásíọ̀mù pa pọ̀, àmọ́ yúríà ló tọ́ sí àgbàdo tí ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti kọ lẹ́tà V. Ẹ má fọ́n yúríà sórí ilẹ̀ lásán. Ẹ gbẹ́ ihò díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ igi, kó jìnnà sí ìdí rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10, kí ẹ sì bò ó, torí pé ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń bá afẹ́fẹ́ lọ tí a bá fi í sílẹ̀ nínú oòrùn.

Ní ti tòmátì, bí ìdí èso bá dúdú tó sì wọnú, àìtó kálísíọ̀mù nínú èso ni. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà kálísíọ̀mù wà nílẹ̀, omi tó yẹ kó gbé e dé inú èso ni kò ṣe déédéé: ọ̀gbẹlẹ̀ ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà òjò ńlá. Fífi koríko gbígbẹ bo ìdí tòmátì àti bíbu omi rin ín déédéé sàn ju oògùn ìfọ́n lọ níbẹ̀.

Èyí tó jọ ebi tí kì í ṣe ebi

Níbí ni owó ti ń ṣòfò jù. Àrùn tó ń fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ já-já-já sára ewé àgbàdo, èyí tí kòkòrò kékeré kan tó ń fò ń gbé kiri, kò ní gbọ́ ajílẹ̀ láéláé. Irúgbìn tó lè kojú rẹ̀ ni ìdáhùn. Láti àwọn ọdún 1970 síwájú ni àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn ti ń ṣiṣẹ́ lórí irú irúgbìn bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà fún yín. Ẹ̀gẹ́ tí ewé rẹ̀ ní àbààwọ́n tó sì lọ́ pọ̀, àrùn ló mú un, lọ́pọ̀ ìgbà láti ara igi tí a gbìn. Ẹ má gé igi irúgbìn lára rẹ̀.

Bí ata tàbí tòmátì bá ràn, ẹ fà á tu, kí ẹ wo gbòǹgbò. Tó bá ní kókó-kókó, aràn ilẹ̀ ló wà níbẹ̀. Bí ẹ̀wà bá pọ́n, ẹ wo kókó kéékèèké ara gbòǹgbò rẹ̀, kí ẹ là á: tí inú rẹ̀ bá pupa, ẹ̀wà ń fa náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ wá ibòmíràn wò. Kókó ti ẹ̀wà dára, kókó ti tòmátì burú. Kókó ẹ̀wà rọrùn láti já kúrò lára gbòǹgbò, ti aràn ilẹ̀ kì í já nítorí pé gbòǹgbò fúnra rẹ̀ ló wú. Bákan náà, àgbàdo tí omi dúró sí nídìí máa ń pọ́n. Ọkọ́ tó máa la ojú omi ló fẹ́.

Ilẹ̀ tó kan

Nígbà mìíràn oúnjẹ wà nílẹ̀, gbòǹgbò ni kò rí i jẹ. Kíkan ilẹ̀ ló sábà máa ń fa èyí. Òṣùwọ̀n tí a fi ń wọ̀n ọ́n ni pH, èyí tí Sørensen, ará Denmark, gbé jáde ní ọdún 1909 nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí ilé-iṣẹ́ ọtí Carlsberg. 7 ni àárín rẹ̀. Bó bá ṣe ń wálẹ̀ ni ilẹ̀ ṣe ń kan sí i, ìpele kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá: ilẹ̀ tó wà ní 5 kan ní ìlọ́po mẹ́wàá ju èyí tó wà ní 6 lọ. Ọ̀pọ̀ ohun ọ̀gbìn wa fẹ́ràn láti 5.5 sí 7. Ẹ̀gẹ́ lè fara da kíkan ju àgbàdo àti ẹ̀wà lọ. Tí ilẹ̀ bá kan jù, irin àti alumíníọ̀mù inú ilẹ̀ á di fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì mú, gbòǹgbò á sì kúrú, á ki. Àgbàdo á wá yọ àwọ̀ àlùkò lórí ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi NPK sí.

Ilẹ̀ wa kò kan tó ti àwọn ìpínlẹ̀ etí òkun tí òjò ti ń wẹ̀ ẹ́ gan-an. Ṣùgbọ́n oko tí a ti ń fi yúríà sí lọ́dọọdún láìsí ìgbẹ́ ẹran tàbí ìgbẹ́ adìẹ ń kan sí i díẹ̀díẹ̀. Ibi tí omi ẹ̀gẹ́ láti ibi ìyan-gàrí ń ṣàn sí náà kì í hù dáadáa, nítorí omi náà kan, ó sì ní májèlé.

Ẹ̀yìnkùlé ni ìdàkejì. Ibẹ̀ la ń da eérú sí, ibẹ̀ la ti po sìmẹ́ńtì. Eérú ń pa kíkan ilẹ̀, ó sì ń fún ilẹ̀ ní pòtásíọ̀mù, ohun rere ni. Tó bá pọ̀ jù, pH á kọjá 7, irin àti síńkì á wá di ohun tí gbòǹgbò ò lè mú. Tí ewé tuntun ilá tàbí ata ẹ̀yìnkùlé yín bá pọ́n, tí iṣan rẹ̀ ṣì tutù, ẹ má ṣe da eérú kún un. Mo fẹ́ kí ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí ní pàtàkì, torí pé ewé pípọ́n kan náà ń wá láti oko tó kan àti ẹ̀yìnkùlé tí eérú ti pọ̀ jù, oògùn ọ̀kan sì ni májèlé èkejì.

Bí ẹ ó ṣe dán an wò

Ẹ yan poro mẹ́ta láàárín oko, kí ẹ fi yúríà sí i, kí ẹ fi mẹ́ta ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Tí òjò bá rọ̀, ẹ wo wọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Tí poro mẹ́ta náà bá dúdú ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ, ẹ lè wá ra ti gbogbo oko.

Fún pH, ẹ lọ sí ilé àyẹ̀wò ilẹ̀. Ẹ rìn wọ́gọwọ̀gọ já oko, kí ẹ bu ilẹ̀ ní ibi 15 sí 20, kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15. Ẹ yẹra fún ojú ọ̀nà, ìdí igi ńlá, òkìtì ọ̀gán àti ibi tí màlúù ti sùn. Ẹ pò ó pọ̀ nínú korobá tó mọ́, korobá ajílẹ̀ kọ́ o, kí ẹ sá a síbi òjìji, kí ẹ sì di ìdajì kílò sínú ọ̀rá. Kí ti ẹ̀yìnkùlé wà lọ́tọ̀. Ẹ kọ orúkọ yín, ohun tí ẹ gbìn kẹ́yìn àti ajílẹ̀ tí ẹ lò sí i lára. Ẹ béèrè ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ Yunifásítì LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IAR&T ní Moor Plantation, Ìbàdàn, tàbí lọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ ìmọ̀ràn iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín.

Bí èsì bá sọ pé ilẹ̀ kan, láìmù, ohun tó ń pa kíkan ilẹ̀, ni wọn ó ní kí ẹ lò, wọn ó sì sọ ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ pò ó mọ́ ilẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ìgbìn. Ẹ má ṣe pa á pọ̀ mọ́ yúríà tàbí ìgbẹ́ adìẹ ní ọjọ́ kan náà, náítírójìn wọn á di afẹ́fẹ́ lọ. Òfin kan náà ló de eérú. Nítorí àsìkò tí láìmù ń gbà yìí, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó yẹ kí ẹ gbé ilẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, kí èsì lè dé ọwọ́ yín kí àkọ́rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.