Ìgbà Tí Aláìsàn Yóò Padà Wá Lẹ́yìn Gígé Kókó Kékeré Inú Ìfun

Ọ̀dọ́ dókítà tí ó ń kọ́ iṣẹ́ kolonóskópì, èyí tí í ṣe fífi okùn oníkámẹ́rà wo inú ìfun ńlá, kò gbọdọ̀ dá ọjọ́ àyẹ̀wò mìíràn fún aláìsàn ní kété tí ó bá gé kókó tán, nítorí pé èsì tí yóò fi mọ ọjọ́ náà kò tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Kókó yìí, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní pólíìpù, jẹ́ ẹran tí ó hù sára ìfun. Èyí tí ó bá jẹ́ adẹnómà lè di jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, òmíràn kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ léwu, ṣùgbọ́n dókítà yàrá àyẹ̀wò tí ó fi maikirosíkóòpù wò ó ni yóò fi ìdánilójú yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìlànà Amẹ́ríkà ti ọdún 2020 ni pé ẹni tí a gé adẹnómà 1 tàbí 2 lára rẹ̀, tí èyíkéyìí kò tó mìlímítà 10, yóò padà wá lẹ́yìn ọdún 7 sí 10. Bí ó bá jẹ́ 3 tàbí 4, ọdún 3 sí 5. Àwọn oníṣègùn Yúróòpù, ní ọdún kan náà, ní kí ẹni tí adẹnómà kékeré rẹ̀ kò ju 4 lọ padà sínú ètò àyẹ̀wò gbogbo ará ìlú, ṣùgbọ́n níbi tí irú ètò bẹ́ẹ̀ kò bá sí, kí a tún un wò lẹ́yìn ọdún 10. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí kan Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n, níbi tí kò sí lẹ́tà ìjọba tí ń pe ará ìlú wá ṣe àyẹ̀wò ìfun. Òǹkà wọ̀nyí kò sì wúlò àfi bí ìfun bá mọ́ tónítóní, tí okùn dé òpin ìfun ńlá, tí a sì fi sùúrù fà á padà, ó kéré tán fún ìṣẹ́jú 6. Bí ìgbẹ́ bá bo ojú ìfun, a ní láti tún un ṣe kí ọdún 1 tó pé.

Dókítà tí ẹ̀rù ń bà lè rò pé pípe aláìsàn lọ́dọọdún ni ìtọ́jú tí ó péye, bẹ́ẹ̀ ìyà ni ó fi ń jẹ ẹ́: ọlọ́jà Mushin tí ń fi owó ara rẹ̀ tọ́jú ara yóò tún ra oògùn ìyàgbẹ́, yóò pàdánù ọjọ́ ọjà, yóò sì fi ara wewu pé okùn lè lu ìfun, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹni tí ń ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ni àyè yẹn tọ́ sí.

Nítorí pé ọdún 7 pẹ́, tí dókítà fúnra rẹ̀ lè ti lọ sí òkè òkun kí ó tó pé, ì báà jẹ́ ní LUTH, ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Èkó, ní Ìdí-Àràbà tàbí ní ilé ìwòsàn aládàáni ní Súrùlérè, ìwé tí aláìsàn mú lọ sílé ni kí ó gbé iye kókó, bí wọ́n ti tóbi tó, èsì yàrá àyẹ̀wò àti ọdún ìpadàbọ̀, ní èdè tí ọmọ rẹ̀ lè kà sí i létí. Kí a sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ẹ̀jẹ̀ bá hàn nínú ìgbẹ́, tàbí bí ó bá ń rù láìnídìí, kò gbọdọ̀ dúró de ọdún náà.