Orúkọ Tí Ó Yẹ Oògùn Amárarọ̀ fún Ẹran: Àpẹẹrẹ Sáílásíìnì

Ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Bákan náà ni ó yẹ kí ògbufọ̀ wo iṣẹ́ tí oògùn ń ṣe nínú ara kí ó tó fún un ní orúkọ Yorùbá. Àpẹẹrẹ kan ni oògùn tí elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní xylazine, èyí tí a lè kọ ní sáílásíìnì. Ó rọrùn láti pè é ní 'oògùn oorun', nítorí pé ẹran tí ó bá gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ a sorí kọ́, a sì máa tòògbé. Ṣùgbọ́n orúkọ yìí lè ṣi ènìyàn lọ́nà, ìṣìnà náà sì lè gba ẹ̀mí ẹran tàbí ti olùtọ́jú rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ Bayer ní ilẹ̀ Jámánì ni ó kọ́kọ́ ṣe sáílásíìnì, ní ọdún 1962. Ẹ̀jẹ̀ ríru ọmọ ènìyàn ni wọ́n fẹ́ fi wò. Nígbà tí wọ́n rí i pé ó ń mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ jù, tí ó sì ń mú ara wọ̀, wọ́n fi í sílẹ̀ fún ìṣègùn ẹranko.

Ọ̀nà tí ó ń gbà ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Iṣan-ìmọ̀lára a máa tú oje kan jáde tí ń jẹ́ nọradírẹ́nálíìnì. Oje yìí ní ń jíṣẹ́ láti iṣan kan dé èkejì. Òun ni ó ń mú kí ẹran wà lójúfò. Lára iṣan tí ń tú oje náà ni àwọn agbàṣẹ kan wà tí orúkọ wọn ń jẹ́ alfa-2. Iṣẹ́ wọn ni láti kìlọ̀ fún iṣan pé oje ti tó. Àwọn agbàṣẹ wọ̀nyí ni sáílásíìnì ń lẹ̀ mọ́. Oje a wá dínkù, ara ẹran a rọ̀, ìrora rẹ̀ a dín, ọkàn rẹ̀ a sì máa lù jẹ́jẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Nítorí náà, orúkọ mẹ́ta ni ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀. 'Amárarọ̀' ni oògùn tí ń dín ìfura àti ìjàgùdù ẹran kù. 'Apàrora' ni èyí tí ń dín ìrora kù. 'Akunnilóorun' ni èyí tí ń mú ẹran dákú pátápátá títí iṣẹ́ abẹ yóò fi parí. Amárarọ̀ ni sáílásíìnì, ó sì ní ipa apàrora díẹ̀. Òun nìkan kì í ṣe akunnilóorun. Ẹṣin tí ó sorí kọ́ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ yìí ṣì lè ta ènìyàn nípàá lójijì bí a bá fọwọ́ kàn án. Ẹni tí ó bá gbà pé ó ti sùn, tí ó dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀, ti fi ara rẹ̀ wéwu.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n tún gba ìṣọ́ra. Bí a bá gún abẹ́rẹ́ sínú ẹran ara, ìwọ̀n tí a mọ̀ fún ẹṣin jẹ́ mílígíráàmù 2.2 fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan. Fún màlúù, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá èyí ni ó tó. Màlúù tí ó wọn kílógíráàmù 300, tí a fẹ́ fún ní mílígíráàmù 0.1 fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan, yóò gba mílígíráàmù 30. Nínú ìgò tí agbára rẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 20 nínú mílílítà kan, èyí jẹ́ mílílítà 1.5. Ṣùgbọ́n ìgò mìíràn wà tí agbára rẹ̀ jẹ́ 100, mílílítà 1.5 nínú rẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 150, ìlọ́po márùn-ún. Ìtumọ̀ tí ó bá kọ 'mílílítà' nìkan láìdárúkọ agbára ìgò ti pa ẹran kí abẹ́rẹ́ tó dé ọwọ́ dókítà.

Ẹran tí ń jẹ àpọ̀jẹ lè wúkùn, oúnjẹ inú rẹ̀ sì lè padà sí ọ̀fun. Ìdí nìyí tí a fi ń gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ ṣáájú bí ààyè bá wà, tí a ń jẹ́ kí ó fi àyà lélẹ̀ dípò ìhà, tí a sì ń dẹ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ kí itọ́ lè máa ṣàn jáde. Oògùn náà a tún máa sún ilé-ọmọ kì. Nítorí náà, kò yẹ abo màlúù tí oyún rẹ̀ ti gbó.

Yorùbá ti ní orúkọ fún ohun tí ń sọ agbára oògùn di asán: ẹ̀rọ̀ ni. Yohimbíìnì, tí a ń rí nínú èèpo igi kan nínú igbó Kamẹrúùnù àti Gàbọ́ọ̀nù, jẹ́ ẹ̀rọ̀ sáílásíìnì fún ẹran, nítorí pé ó ń gba ipò rẹ̀ lára agbàṣẹ alfa-2. Atipamẹ́sóòlù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Fún ènìyàn, kò sí ẹ̀rọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí. Ní ọdún 2023 ni ìjọba náà kéde àdàlù sáílásíìnì àti fẹ́ńtánìlì gẹ́gẹ́ bí ewu tuntun. Nalọ́sóònù, ẹ̀rọ̀ fẹ́ńtánìlì, kò ran sáílásíìnì. Nítorí náà, abẹ́ àgádágodo ni ibùgbé rẹ̀, ilé ìwòsàn sì ni kí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá gún yá lọ.

Orúkọ a máa ro ọmọ. A sì máa ro oògùn pẹ̀lú. Olùkọ́ tí ó bá kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní 'amárarọ̀' ti kọ́ ọ ní ìṣọ́ra pẹ̀lú; èyí tí ó bá kọ́ ọ ní 'oògùn oorun' ti rán an lọ sí ẹ̀yìn ẹṣin.