Kí Ẹ Tó Dárúkọ Wákàtí fún Oníbàárà

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ bátìrì lítíọ́ọ̀mù ńláńlá tí àwọn ilé iṣẹ́ ń rà báyìí, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ oníbàárà, ohun tó máa kọ́kọ́ bi yín ni pé, "Wákàtí mélòó ló máa fi kún?" Ẹ má sáré dáhùn. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé níbo ni iná tó máa kún un yóò ti wá.

Ìṣirò orí ìwé kò le. Bátìrì 200 kWh tí ínfátà rẹ̀ jẹ́ 100 kW, wákàtí méjì ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbé e dé ilé iṣẹ́ tó ń ṣe omi inú ọ̀rá ní Ọ̀tà. Ká ní iná tí wọ́n lè fà lára tiransifọ́mà kò ju 110 kW lọ, tí àwọn ẹ̀rọ wọn sì ń jẹ 70 nínú rẹ̀. 40 péré ló ṣẹ́ kù fún bátìrì. Wákàtí méjì ti di márùn-ún nìyẹn. Iná díẹ̀ á tún ṣòfò dànù sínú ooru, nítorí náà ẹ pè é ní mẹ́fà. Bí wọ́n bá wà ní Band A, níbi tí ìlérí ti jẹ́ iná wákàtí 20 lójúmọ́, ó lè ṣeé ṣe. Bí ó bá jẹ́ Band D, wákàtí 8 ni ìlérí, kò sì sẹ́ni tó mọ àkókò tí wọ́n máa mú un wá.

Oòrùn ńkọ́? Èmi náà fẹ́ràn sólà. Àmọ́ nílẹ̀ wa níbí, bí a bá kó gbogbo oòrùn ojúmọ́ kan jọ, kò ju bíi wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún oòrùn tó mú ganrínganrín lọ, bó bá sì di oṣù Kẹjọ tí ojú ọ̀run máa ń ṣú, kì í tó bẹ́ẹ̀. Páńẹ́ẹ̀lì 60 kW á mú bíi 240 kWh wá. Ẹ̀rọ tó ń jẹ 70 kW fún wákàtí 8 á jẹ 560. Kò sí nǹkan kan tó kù fún bátìrì. Mo ti rí ọ̀gá ilé iṣẹ́ tí inú ń bí burúkú pé bátìrì owó gọbọi tí òun rà kì í kún, tó ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Bátìrì yẹn kò lẹ́bi. Ẹni tó tà á ni kò bá a ṣírò.

Ẹ ṣọ́ra fún jẹnẹrétọ̀ pẹ̀lú. Èyí tí wọ́n kọ 100 kVA sí lára, bíi 80 kW ló lè gbé. Bí ínfátà bá fa 100 lára rẹ̀, ó máa kú mọ́ yín lọ́wọ́ ni.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù ni ìparí. Ẹ dúró ti ojú BMS, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì inú bátìrì, nígbà tí bátìrì lítíọ́ọ̀mù irú LFP bá ń kún lọ. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan á wà ní bíi fóòtì 3.3 sí 3.4 fún ọ̀pọ̀ wákàtí, bí ẹni pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Tó bá ti kù díẹ̀ kó kún, á fò sókè lójijì. Sẹ́ẹ̀lì kan lè ti dé 3.65, tí í ṣe òpin, kí àwọn tó kù ṣì wà ní 3.42. Nítorí ẹyọ kan yẹn, BMS á dá gbogbo wọn dúró, á máa dín iná inú ẹyọ náà kù díẹ̀díẹ̀ kí àwọn yòókù lè bá a. Bí ìyá elépo ṣe ń dẹwọ́ nígbà tí epo bá dé ọrùn ìgò ni. Lórí bátìrì tuntun, èyí lè gba àkókò gan-an. Oníbàárà á máa kánjú, á ní kí ẹ gbé òpin 3.65 yẹn sókè. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ooru náà ń fa ọwọ́ aago sẹ́yìn. Nǹkan bíi 25 lórí òdiwọ̀n Celsius ló bá bátìrì yìí lára mu jù. Bó bá ti ń súnmọ́ 45, BMS á bẹ̀rẹ̀ sí í dín iná tó ń gbà kù, bí eruku bá sì ti dí ẹnu ẹ̀rọ amúlétutù inú kọ̀ńténà tí a kó bátìrì sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wákàtí mẹ́fà yín lè di mẹ́wàá.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ tiwa nìkan. Bátìrì Hornsdale tí Tesla gbé kalẹ̀ ní Gúúsù Ọsirélíà lọ́dún 2017 lè fi 100 MW fúnni nígbà náà, ṣùgbọ́n 80 MW ló fi ń gbà, agbára rẹ̀ sì jẹ́ 129 MWh. Ó lé ní wákàtí kan àbọ̀ kó tó kún, bí iná tilẹ̀ wà nílẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu.

Nítorí náà, oríṣi iye wákàtí méjì ni kí ẹ máa kọ sínú ìwé àdéhùn: ti ọjọ́ tí gbogbo nǹkan bá lọ déédéé, àti ti ọjọ́ òjò tí ẹ̀rọ gbogbo ń ṣiṣẹ́. Ẹ ka méjèèjì sí oníbàárà létí, kí ó sì buwọ́ lù ú kó tó san kọ́bọ̀.