Kọ Èrò Rẹ Sílẹ̀ Kí O Tó Tẹ̀ Ẹ́

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, ọ̀rọ̀ físíìsì yìí ni mo fẹ́ bá ọ sọ lónìí. Mo mọ̀ pé o ti ń há fọ́múlà sórí, síbẹ̀ ọkàn rẹ kò balẹ̀ pé ó yé ọ. Má dá ara rẹ lẹ́bi. Ohun tí físíìsì ń sọ̀rọ̀ lé lórí kì í dúró sójú kan: iná ń ṣàn nínú wáyà, ìgbì ń gba orí omi kọjá, òkúta tí a sọ lókò ń gòkè, ó tún ń bọ̀ wálẹ̀. Ìwé kò sì lè ṣe ju kí ó ya ọfà kékeré sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán, kí ó ní kí ìwọ máa fọkàn rò ó pé ó ń rìn. Àwọn kan wà tí ojú inú wọn ń rí i bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ní láti kọ́kọ́ fojú rí i.

Fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn lè ràn ọ́ lọ́wọ́. Kì í sì í ṣe fídíò nìkan ni mo ní lọ́kàn. Fídíò dára. Láti ọdún 1985 ni ilé ẹ̀kọ́ Caltech ní Amẹ́ríkà ti gbé ètò tẹlifíṣọ̀n The Mechanical Universe jáde, tí Jim Blinn fi kọ̀ǹpútà ya àwọn àwòrán tó ń rìn fún un, àwòrán tó sọ ìṣírò di ohun tí ojú lè tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n fídíò ń lọ ní tirẹ̀ ni, bóyá ó yé ọ tàbí kò yé ọ. Ohun tí mo fẹ́ kí o wá ni simulation: àwòrán tó ń rìn, tí ìwọ fúnra rẹ sì lè fọwọ́ yí. O fa okùn rẹ̀ gùn, o dín ìwúwo rẹ̀ kù, o yọ bátìrì kan kúrò, lójú ẹsẹ̀ ni yóò fi àyípadà náà hàn ọ́.

Èyí tí mo fọkàn tán jù lọ ni PhET, ti yunifásítì Colorado ní ìlú Boulder. Carl Wieman ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 2002, ọdún kan péré lẹ́yìn tí òun àti àwọn méjì mìíràn jọ gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì. Ó máa ń wú mi lórí pé ẹni tó ti dé irú ipò bẹ́ẹ̀ padà wá jókòó ti ìṣòro akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, o kò sì ní láti forúkọ sílẹ̀ kí o tó lò ó. Bíráwúsà tí o fi ń ka ìròyìn ti tó fún un. Bí o bá dé ibi tí Wi-Fi wà, gba àwọn fáìlì rẹ̀ sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù rẹ. Nígbà tí dátà bá tán, wọ́n ṣì wà lọ́wọ́ rẹ.

Orí iná mànàmáná ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni èrò tí kò tọ́ ti ń bá wa gbé jù. Ṣí èyí tí wọ́n pè ní Circuit Construction Kit. So bátìrì kan, wáyà méjì àti gílóòbù kan pọ̀. Gílóòbù á tàn, wàá sì rí àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù bíi bọ́ọ̀lù kéékèèké aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń yí po nínú wáyà. Ó yá, dá mi lóhùn: ṣé kọ́rẹ́ǹtì tó jáde nínú gílóòbù yóò kéré sí èyí tó wọ inú rẹ̀? Púpọ̀ nínú àwọn tí mo bi ní ìbéèrè yìí ló ní yóò kéré, pé gílóòbù ti jẹ lára rẹ̀ kó tó lè tàn. Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́ pátápátá. Wá fi ammeter, ohun tí a fi ń wọn kọ́rẹ́ǹtì, síwájú gílóòbù, kí o tún fi òmíràn sí ẹ̀yìn rẹ̀. Nọ́ńbà kan náà ni méjèèjì yóò gbé jáde. Kò sí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kankan tó sọnù. Agbára tí bátìrì fi fún wọn ni gílóòbù gbà, tó sọ di ìmọ́lẹ̀ àti ooru.

Tún wo nǹkan kan níbẹ̀. Bí o bá ti so wáyà ìkẹyìn pọ̀, gbogbo bọ́ọ̀lù náà ló ń gbéra lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì àti èyí tó jìnnà sí i. Ìdí nìyẹn tí iná fi ń tàn kíá tí a bá tẹ switch, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nínú wáyà ilé wa, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kì í rìn tó mìlímítà kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Wọn kò ní láti sáré láti ọ̀dọ̀ switch dé ọ̀dọ̀ gílóòbù, torí pé wáyà ti kún fún wọn tẹ́lẹ̀.

Wàyí o, fi gílóòbù kejì sí ọ̀nà kan náà, kí kọ́rẹ́ǹtì la ọ̀kan kọjá kó tó dé èkejì. Ká ní bátìrì jẹ́ fólítì 9, tí ìdènà gílóòbù kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ohm 10. Nígbà tí gílóòbù jẹ́ ẹyọ kan, ampere 0.9 ló ń kọjá, gílóòbù náà sì ń gba wátì 8.1. Báwo ni yóò ṣe rí nígbà tí wọ́n bá di méjì? Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní kálukú yóò gba ìdajì. Bẹ́ẹ̀ kọ́ o. Ampere 0.45 ni yóò máa kọjá, fólítì 4.5 ni yóò kan gílóòbù kọ̀ọ̀kan, bí o bá sì sọ méjèèjì di púpọ̀, wàá rí wátì 2 àti díẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni. Fọ́múlà yìí ti wà nínú ìwé rẹ láti ìgbà tí o ti wọ SS, ṣùgbọ́n ìgbà tí o bá rí bí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe wálẹ̀ lójú rẹ ni wàá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìdí.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé eré ọmọdé lásán ni. Ní ọdún 2005, Noah Finkelstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Colorado gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n fún apá kan nínú kíláàsì ní simulation yìí, wọ́n fún apá kejì ní bátìrì, wáyà àti gílóòbù gidi. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí gbogbo wọn fi ohun èlò gidi so iná, kí wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀. Àwọn tó ti lo simulation ló ṣe é dáadáa jù. Èrò tèmi ni pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí wọ́n fojú rí ló ṣe ìyàtọ̀, nítorí wáyà gidi kì í fi inú rẹ̀ hàn ẹnikẹ́ni.

Àbúrò mi, sún mọ́ mi, torí ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Kí o tó tẹ ohunkóhun, kọ èrò rẹ sílẹ̀. Fi bírò kọ ọ́ sínú ìwé: "Mo rò pé gílóòbù yóò ṣe báyìí, nítorí báyìí." Lẹ́yìn náà ni kí o tẹ̀ ẹ́. Bí o kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ojú á wò, orí á mì, wàá sì sọ pé "Mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀," nígbà tí o kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé ni kò ní jẹ́ kí o tan ara rẹ jẹ. Ní ọdún 2002, Barbara Tversky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ìwádìí púpọ̀ wò lórí àwòrán tó ń rìn. Wọ́n rí i pé rírìn rẹ̀ nìkan kì í mú kí ẹ̀kọ́ yéni ju àwòrán tó dúró lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà ó ti yára kọjá kí ọkàn tó gbá a mú. Nítorí náà, dá a dúró. Mú un rìn díẹ̀díẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ni kí o sì máa yí lẹ́ẹ̀kan, torí bí o bá yí mẹ́ta pa pọ̀, o kò ní mọ èyí tó fa àyípadà.

Pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù ni kí o fi dán èyí wò, ìwọ tí WAEC ń bọ̀ wá bá. Nínú Pendulum Lab ti PhET, sọ ohun tó wà lẹ́nu okùn di ìlọ́po méjì ìwúwo rẹ̀. Kọ èrò rẹ ná. Wàá rí i pé àkókò tó fi ń lọ tó fi ń bọ̀ kò yí padà rárá. Wá yí gígùn okùn: mítà kan ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì láti lọ kó sì padà, sẹ̀ǹtímítà 25 ń gba ọ̀kan. Gbé e lọ sí Òṣùpá, okùn mítà kan yẹn á sún mọ́ ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún. Wá tún fà á sókè títí okùn yóò fi nà gbọnrangandan sí ẹ̀gbẹ́, ní digrí 90, kí o sì jù ú sílẹ̀. Yóò pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nǹkan bí 18 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdí nìyí tí tíṣà yín fi máa ń kìlọ̀ pé kí ẹ má fà á jìnnà nínú practical.

Ìgbì kò ní gbà ọ́ lásìkò. Nínú Wave on a String, tẹjú mọ́ ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ kan: ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀, kò sì fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ tẹ̀ lé ìgbì. Nínú Projectile Motion, yin ìbọn láti ilẹ̀ẹ́lẹ̀, pẹ̀lú eré kan náà, ní digrí 30 àti ní 60, kí o rí i pé ibì kan náà ni ọta méjèèjì ń bọ́ sí. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa dí i lọ́nà, kí o wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yí padà.

Ṣùgbọ́n má fi gbogbo ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ sínú fóònù. Nínú simulation, wáyà kì í ṣí, ọwọ́ kì í gbọ̀n, ammeter kì í ṣini lọ́nà. Nínú practical, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, so kọ́kọ́rọ́ àgádágodo mọ́ òwú tó gùn tó mítà kan, gbé e kọ́ sára férémù ilẹ̀kùn, kí o fi aago ka ogún ìgbà tó lọ tó bọ̀. Bí ó bá sún mọ́ ogójì ìṣẹ́jú-àáyá, o ṣe é ire. Bí ó bá yàtọ̀ púpọ̀, wá ìdí rẹ̀: níbo ni o ti wọn òwú náà dé? Áàpù kan tó ń jẹ́ Phyphox tún wà, tí yunifásítì RWTH Aachen ní Jámánì gbé jáde ní 2016. Ọ̀fẹ́ ni òun náà. Ó ń lo àwọn ohun tí fóònù fi ń mọ ìrìn àti ohùn, ó sì ń ya gíráàfù wọn fún ọ lójú ẹsẹ̀.

Ti inú ilé ló kù. Tètè fi iná sínú fóònù kí NEPA tó ṣe tiwọn, kí o sì pa WhatsApp fún wákàtí náà. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́ta tí ẹ jọ ń kẹ́kọ̀ọ́, ẹ máa gbé fóònù fún ara yín, torí ẹni tó ń fọwọ́ kàn án lẹ̀kọ́ ń yé jù. Má ṣe jẹ́ kí àwọn ọkùnrin kíláàsì yín dì í mú kí ìwọ wá di akọ̀wé wọn. Bí o bá sì rí nǹkan tó yà ọ́ lẹ́nu, fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ sókè ketekete, bí ìgbà tí ò ń sọ ọ́ fún Màmá. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, sáyẹ́ǹsì wà lára rẹ̀, ó sì yé àwọn ọmọ náà dáadáa. Lẹ́yìn tí o bá ti fi Yorùbá sọ ọ́ tó dúró, kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tí WAEC fẹ́.

Iṣẹ́ alẹ́ òní rèé. So gílóòbù méjì mọ́ bátìrì kan, kí kálukú ní ọ̀nà tirẹ̀ tó gbà dé ọ̀dọ̀ bátìrì. Bí o bá yọ ọ̀kan, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ èkejì? Kí ni ammeter tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì yóò sọ? Kọ ìdáhùn rẹ àti ìdí rẹ̀, ya fọ́tò rẹ̀, kí o fi ránṣẹ́ sí mi kí o tó ṣí simulation náà rárá. Mo ń retí fọ́tò náà.