Ìpele Àwọ̀ nínú Kọ̀ǹpútà: Àpẹẹrẹ Aṣọ Funfun Èjìgbò

Funfun ni àwọ̀ Òrìṣà Ògìyán tí wọ́n ń bọ ní Èjìgbò. Nínú àwòrán tí wọ́n yà nínú oòrùn, ọnà ara aṣọ funfun lè parẹ́ bí ìpele ìmọ́lẹ̀ kò bá tó.

Bíìtì 8 ní ìpele 256 fún pupa, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró lọ́kọ̀ọ̀kan. Bíìtì 10 ní 1,024. Ìpele púpọ̀ yìí ni HDR fi ń gbé ìmọ́lẹ̀ líle àti òjìji jáde pọ̀. Kámẹ́rà, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà àti ojú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ jọ gbà á. Windows 10 bẹ̀rẹ̀ ní 2017. KDE Plasma 6 lórí Linux, ní 2024.

Kí olùkọ́ tọ́jú fáìlì àkọ́kọ́: ohun tó bá sọnù nínú bíìtì 8, ojú ẹ̀rọ tuntun kò lè dá a padà.